Pláńtà àgbàdo ni mo fẹ́ fi gbin sóyà: kí ni kí n kọ́kọ́ pààrọ̀?

OlókoṢakí
Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà. Pláńtà (ẹ̀rọ ìgbìn) oníporo méjì ló wà nílẹ̀, èyí tí katakata ń gbé lẹ́yìn. Àwo oníhò ló ń ka irúgbìn nínú rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 75 ló sì wà láàárín poro kan sí èkejì. Ó ń gbin àgbàdo dáadáa. Bí a bá da sóyà sí i, ibì kan á ṣù jọ, ibì kan á ṣófo, hóró tó ti là sí méjì á sì máa bọ́ sílẹ̀. Irú sóyà tí wọ́n ń pè ní TGX 1448-2E ni irúgbìn náà, hẹ́kítà 10 ni oko, ojú ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń dì bí oòrùn bá ràn lẹ́yìn òjò. Wọ́n ní àfi kí n ra pláńtà tó ń fi afẹ́fẹ́ fa irúgbìn. Ṣé dandan ni?

MẹkáníìkìOko
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Àwo àgbàdo ló ń fọ́ sóyà yín. Àgbàdo pẹlẹbẹ, sóyà rí rọ̀bọ̀tọ̀. Méjì á wọ ihò kan, irin tó ń gbá ojú àwo á sì gé èyí tó yọrí. Ẹ wá àwo sóyà, èyí tí ihò rẹ̀ kéré tó sì pọ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú irúgbìn yín dání, ẹ fi hóró sínú ihò náà. Ẹyọ kan ni kó gbà, kí orí rẹ̀ má yọ, kó sì já bọ́ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá dojú àwo délẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé pláńtà sókè, ẹ wọn àyíká táyà tó ń yí ṣéènì. Ká ní mítà 1.6 ni, yíyí mẹ́wàá jẹ́ mítà 16. Ẹ gbé ike sábẹ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan, ẹ yí i, ẹ ka hóró. Bí ẹ bá ń wá hóró 20 ní mítà kan, 320 ló yẹ kó wà nínú ike. Bí ó bá dín, ẹ pààrọ̀ eyín tí ṣéènì ń gùn. Táyà máa ń yọ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀, nítorí náà ẹ tún hú ilẹ̀ kà nígbà tí ẹ bá dóko. Ṣéènì tí oríkèé rẹ̀ ti le máa ń fi àlàfo sílẹ̀, kì í sì í ṣẹ̀bi àwo. Kí ẹni tó ń wakọ̀ má sáré ju kìlómítà 6 ní wákàtí kan.

ÀgbàÌṣẹ́yìn
Òótọ́ lọ̀rọ̀ àwo, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ lèrè sóyà wà. Bí sóyà kan kò bá hù, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á yọ ẹ̀ka dí àyè náà. Àgbàdo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pláńtà afẹ́fẹ́ fi wúlò fún àgbàdo ju sóyà lọ.

Poro ló fẹ̀ jù. Ní sẹ̀ǹtímítà 75, hóró 20 ní mítà kan kò ju nǹkan bí 267,000 lọ ní hẹ́kítà kan, èpò á sì ti gbalẹ̀ kí ewé tó pàdé. Ẹ ra ẹnu kẹta, ìyẹn odindi ẹ̀yà tó ń gbin poro kan, kí ẹ dè é sáàárín méjì àkọ́kọ́. Poro á di sẹ̀ǹtímítà 37.5. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á fẹ́ kí gbogbo poro inú oko dọ́gba, táyà katakata á wá máa tẹ poro tí wọ́n gbìn kọjá. Ẹ má fọwọ́ kan máàkà, irin tó ń fa ìlà tí katakata á tọ̀ nígbà tó bá ń padà bọ̀. Kí ìrìn kan sí èkejì ṣì jẹ́ mítà 1.5, kí táyà gba inú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 75 tó kù. Poro mẹ́ta nínú mítà 1.5 pẹ̀lú hóró 20 ní mítà kan, 400,000 nìyẹn ní hẹ́kítà kan. Ẹni tó bá ń fín oògùn á rí àyè rìn pẹ̀lú.

Bí hóró 100 bá wọn gíráàmù 13, kílò 52 ni hẹ́kítà kan á gbà. Bí ó bá jẹ́ pé 80 ló hù nínú 100, ó di kílò 65, hóró 25 ní mítà kan. Irúgbìn sóyà tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń kú ní kíákíá, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbéra.

Ẹnu kẹta á mú kí ẹ̀yìn katakata wúwo sí i. Ẹ gbé irin tó wúwo síwájú rẹ̀ kó lè dọ́gba.

ÌyáẸlẹ́wà
Ẹ ò tíì mẹ́nu kan ilẹ̀ tó ń dì yẹn. Sóyà máa ń fi ọrùn ru hóró rẹ̀ jáde. Bí ojú ilẹ̀ bá le, ọrùn á ṣẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 3 ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí. Táyà irin pẹlẹbẹ tó ń tẹ orí poro gan-an ló ń dí i pa. Ẹ fi méjì tó dagun rọ́pò rẹ̀, kó máa fún ilẹ̀ pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ sì dẹ sípíríǹgì rẹ̀ bí ilẹ̀ bá tutù.

Bí ó bá jẹ́ díìsì méjì ló ń la ilẹ̀, ẹ fi páálí tín-ín-rín sí ibi tí wọ́n ti pàdé nísàlẹ̀. Bí páálí bá kọjá láìkan nǹkan, wọ́n ti jẹ: ihò á rí bí W, irúgbìn á sì máa jókòó sókè sódò. Díìsì íǹṣì 15 tó bá ti di 14 àtààbọ̀, ẹ yọ ọ́.

OlókoṢakí
Ẹ ṣeun gan-an. Inoculant, ìyẹn bakitéríà tó ń bá sóyà fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tá a fi ń pa irúgbìn ńkọ́? Ó ń lẹ̀ mọ́ ihò àwo.

MẹkáníìkìOko
Omi tàbí gọ́ọ̀mù ló pọ̀ jù. Ẹ sá a sábẹ́ ibòòji lórí tapólì títí tí hóró kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí ẹ fi ẹ̀tù graphite díẹ̀, èyí tó ń mú kí hóró máa yọ̀, pò ó nínú àpótí. Ẹ má sá a sóòrùn, inoculant á kú. Kí ẹ gbìn ín tán lọ́jọ́ náà, ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ nu àwo ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń bu irúgbìn kún un.