Ibi Tí Ọkàn Ti Ń Yà Bàrá: Yógà àti Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Mi

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, mo kí yín o. Níwọ̀n ìgbà tí a ti ní kí oníkálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nídìí iṣẹ́ ìwé kíkọ, ti yógà ni èmi yóò sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi, tí ó ń gbé nítòsí Ọjà Ọba níbí ní Òṣogbo, ṣì gbà pé ẹgbẹ́ awo ni mo lọ wọ̀.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni mò ń kọ. Ìkẹta nínú wọn ti há mọ́ mi lọ́wọ́ fún oṣù 8, nígbà tí olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń kọ́ ènìyàn díẹ̀ ní yógà nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Òkè Fìà, ní kí n máa bọ̀ ní ìdájí. Mo rò pé nínà ẹsẹ̀ àti títẹ ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹyọ kan péré ni ìyẹn jẹ́ nínú ìpele 8 tí Patanjali tò sínú Yoga Sutra, ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, àti pé gbólóhùn kejì ìwé náà ti sọ ohun tí yógà jẹ́: kí ìrúkèrúdò ọkàn rọlẹ̀.

Iṣẹ́ tó gbé fún mi kò le létí: kí n jókòó, kí n máa ka èémí mi láti oókan dé ẹẹ́wàá, bí ọkàn bá sì sá lọ, kí n fà á padà láìbú u. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó kíyè sí i pé ọkàn mi kì í sá káàkiri lásán. Ó lè dé orí oúnjẹ, ó lè dé orí owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó kan ìjà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jà lórí ilẹ̀ bàbá wa, ńṣe ni yóò yà bàrá, tí yóò gbé ọ̀rọ̀ dídùn kan wá síwájú mi, bí ọmọ tó fọ́ àwo tí ó wá ń yin ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ojú kan náà ló ti ń yà lójoojúmọ́.

Mo délé, mo ṣí ìwé mi. Nínú ìtàn náà, aláró kan kú sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi ń wá ọ̀bẹ, ó ń wá aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, gbogbo ẹlẹ́rìí sì ń dáhùn bí ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí. Mo tún ẹjọ́ wọn kọ. Mo jẹ́ kí ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olóògbé sọ̀rọ̀ fàlàlà lórí ewé èlú, lórí eérú, lórí iye ọjọ́ tí a fi ń dúró de ìkòkò aró kí ó tó ṣeé rẹ aṣọ sí. Àfi bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ kan ìkòkò kẹta ni yóò bèèrè lọ́wọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀, lójú òǹkàwé gbangba. Tẹ́lẹ̀, èmi a máa fi ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù pamọ́ di ojú ewé ìkẹyìn kí n lè dà bí ọlọ́gbọ́n. Òtítọ́ sísọ wà nínú ìpele kìíní tí bàbá kọ́ wa, ìtìjú sì mú mi nígbà tí mo ro iye òǹkàwé tí mo ti rẹ́ jẹ.

Ti ilẹ̀ bàbá wa, a kò tíì parí rẹ̀ o.

Èsì ọmọ ẹgbẹ́ kan:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Irú ìtàn yìí ni èmi náà ń kọ fún rédíò, ṣùgbọ́n ahimsa, èyíinì ni àìpa ohun ẹlẹ́mìí lára, ló mú èmi nínú ẹ̀kọ́ náà. Fún nǹkan bí oṣù 4, n kò lè pa ẹnikẹ́ni nínú ìtàn. Bí mo bá ti tẹ́ òkú sílẹ̀, ara mi á bù máṣọ. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, òkú mi ti ní gbèsè lọ́rùn, ó sì ní ẹni tó ń gbé oúnjẹ alẹ́ pamọ́ dè é. Olóòtú mi ń ráhùn pé ọkùnrin náà ń pẹ́ jù kí ó tó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi bàbá Òkè Fìà bóyá àyè ṣì kù nínú pálọ̀ wọn.