Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí búrẹ́dì inú ìkòkò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Mushin ni mò ń gbé, àwọn ọmọ mi kì í sì í lọ sílé ìwé láìjẹ búrẹ́dì. Búrẹ́dì ti wọ́n jù, mo wá ń ṣe é fúnra mi.

Mi ò ní ófùnù. Mo máa ń da yanrìn gbígbẹ sí ìdí ìkòkò ńlá, màá gbé páànù búrẹ́dì lé e, màá dé e pa, iná gáàsì á sì wà ní díẹ̀. Ó ń wú dáadáa, inú rẹ̀ ń rọ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ ìdí rẹ̀ á ti pọ́n, orí rẹ̀ á ṣì funfun báláú. Ṣé kí n kó ẹ̀yinná lé orí ọmọrí ni, àbí kí n dojú rẹ̀ dé kó tó jinná tán? Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni kó dáhùn, ẹ jọ̀ọ́. Gáàsì kì í ṣe ohun tí à ń fi dánra wò.

Fúláwà ńkọ́? Kóńgò ni mò ń rà ní Ojúwoyè. Èmi àti aládùúgbò mi fẹ́ dáwó jọ ra àpò 50 kg ní Òkè-Àrín, ká pín in. Ṣé owó ọkọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó ò ní gbé èrè rẹ̀ lọ? Báwo lẹ sì ṣe ń tọ́jú tiyín tí kòkòrò ò fi ń wọ̀ ọ́? Ike onídèérí wà nílé, àmọ́ mi ò fẹ́ oògùn kankan nítòsí oúnjẹ ọmọ.