Ìrònú ti ń hàn lára mi: ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni níbí rí?

Ìyá Fiyin: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lu ìyá mi, èmi nìkan ni mò ń gbé wọn dìde, tí mò ń wẹ̀ wọ́n. Ní báyìí àyà mi kàn ń já lójijì, oorun ti dá lójú mi, èjìká mi le koránkorán. Ta ló ti ṣe rí?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde: Nígbà ìdánwò àṣekágbá, ńṣe ló dà bíi pé nǹkan ń rìn lórí mi. Orí á gbóná, n ó kàwé títí, kò ní dúró.

Bàbá Òṣogbo: Nǹkan ń rìn lórí? Ọmọ mi, ayé ni. Wá ẹni tó máa bá ọ wo ìdí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dẹ́rù bà á. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1960. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ló rí i lára wọn, "brain fag", ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ, ni wọ́n ń pè é.

Bàbá Òṣogbo: Àró yẹn náà! Ṣebí Lambo, dókítà tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá: Òótọ́ ni, Bàbá. Ó tún ní kí ẹbí bá aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé abúlé ìtòsí. Ìyá Fiyin, ẹ gbọ́: ohun kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, òun ló ń tú adrenaline, èròjà tó ń mú ara gbára dì, sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rù bá bà wá, tí àyà fi ń sáré. Cortisol, èròjà mìíràn láti ibẹ̀ kan náà, á tẹ̀ lé e, ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà jáde. Ó dára fún ẹni tí ajá ń lé. Tiyín ò dáwọ́ dúró lọ́sàn-án lóru, báwo lara ṣe fẹ́ sùn?

Ṣadé London: Èmi, ìrònú ló fún mi ní úlsà.

Táíwò: Kòkòrò ló ń fà á. Barry Marshall ará Ọsirélíà mu kòkòrò náà fúnra rẹ̀ lọ́dún 1984, inú rẹ̀ dàrú. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005.

Ṣadé London: Kòkòrò tó mọ ìgbà tí ọ̀gá mi bá ń pè?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá: Kòkòrò yẹn àti oògùn ara ríro ló ń fà á jù, ìrònú lè dá kún un. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Aríyìíká: Mo ń kà yín o.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde: Mímí ló ràn mí lọ́wọ́. Fa èémí sínú, kí o rọra tú u síta, kí títú pẹ́ ju fífà lọ.

Ìyá Fiyin: Mo ti ń ṣe é báyìí, àyà mi rọ̀ díẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin wà n'Ìbàdàn, owó ló ń fi ránṣẹ́.

Táíwò: Owó kì í yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì lóru. Ẹ ní kó wá gbà yín lópin ọ̀sẹ̀.

Bàbá Òṣogbo: Ọkùnrin kẹ̀? Kó wẹ ìyá rẹ̀?

Ṣadé London: Bàbá, iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nìyẹn, tọkùnrin tobìnrin la jọ ń wẹ àwọn arúgbó. Tó bá ń ti ìyá lójú, kó máa sebẹ̀, kó máa ṣọ́ wọn lóru. Ìyá Fiyin, ẹ pè é lálẹ́ yìí.