Ẹlẹ́ńjìnnì kan àbí ẹlẹ́ńjìnnì méjì: ẹ sọ ohun tójú yín ti rí

Ẹnjiníà Ìyìn

Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì kéte tẹ́ ẹ ń jẹun nídìí ọkọ̀ òfuurufú, mo kí yín o. Àwọn olóko adìyẹ kan nílé pè mí láìpẹ́ yìí. Wọ́n ní látìgbà tí Fáyẹmí ti ṣí pápákọ̀ òfuurufú ojú ọ̀nà Ìjan ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 làwọn ti ń rò ó pé káwọn dáwó jọ ra ọkọ̀ kékeré kan. Yóò máa kó òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ kan àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kò gbọ́dọ̀ gbóná, yóò sì máa gbé èrò nígbà tí ẹrù ò bá sí. Ìbéèrè wọn ni pé ṣé ẹlẹ́ńjìnnì kan ni káwọn rà àbí ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Mi ò fẹ́ dá wọn lóhùn lórí ìrírí tèmi nìkan.

Hángà, ilé tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe, ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ mi. Ọwọ́ mi ti kan Caravan àti PC-12, tí wọ́n jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan, ó sì ti kan King Air tó jẹ́ ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni ẹ́ńjìnnì tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. PT6 ni gbogbo wọn, èyí tí Pratt & Whitney ń ṣe ní Kánádà; òun náà ló wà lápá ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì Twin Otter tó kọ́kọ́ fò lọ́dún 1965. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì yẹpẹrẹ ni wọ́n fi sínú ẹlẹ́ńjìnnì kan.

Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ìtọ́jú ló ń pa PT6, ìtọ́jú náà ló sì ń dá a sí. Tí ọyẹ́ bá ti mú, a máa ń fọ inú rẹ̀: a ó máa fi stáátà yí i láìjẹ́ kó dáná, a ó sì máa fọ́n omi sí i lẹ́nu. Omi àkọ́kọ́ tó máa jáde á pọ́n bí omi àgbàrá. À ń fọ́n ọn títí yóò fi mọ́. Nínú Caravan, ọwọ́ kan wà tí awakọ̀ lè fà jáde bí eruku bá pọ̀, kí eruku náà lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ dípò kó wọ ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń jẹ díẹ̀ nínú agbára ọkọ̀, ìdí sì nìyẹn táwọn awakọ̀ kan kì í fi í fà á tí ẹrù bá wúwo. Mo ti bá irú wọn fa ọ̀rọ̀ gan-an, torí èmi ni mo máa ń rí ohun tí eruku náà ṣe sí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ wá sọ tiyín.

Kápùtéènì Ìjerò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. King Air ni mo fò jù láyé mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fáwọn olóko yẹn pé ẹ́ńjìnnì kejì kì í ṣe ohun tó kàn jókòó de ọjọ́ ìṣòro. Tí ọ̀kan bá kú nígbà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, èyí tó kù á máa fa imú ọkọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Awakọ̀ ní láti fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà kan mọ́lẹ̀ pátápátá, kó gbé táyà wọlé, kó rí i dájú pé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó kú ti yí ẹ̀gbẹ́ sí atẹ́gùn kó má bàa máa dí ọkọ̀ lọ́nà, kó sì ṣọ́ eré kó má lọ sílẹ̀ ju iye tí ìwé ọkọ̀ kọ. Bí eré bá lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, agbára ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gan-an ló máa dojú ọkọ̀ dé. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ.

Wọ́n máa ń gbé wa wọ simulator, ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀ òfuurufú lórí ilẹ̀, láti fi èyí dánra wò. Mo rántí bí ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ṣe máa ń gbọ̀n lórí pẹ́dà, tí aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, tí ọ̀gá tó ń kọ́ wa á tún ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Lẹ́yìn náà ni mo wá bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ tó ń sún ìdánrawò yìí síwájú torí owó. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí awakọ̀ rẹ̀ kò dánra wò ń bà mí lẹ́rù ju ẹlẹ́ńjìnnì kan lọ.

Gbogbo wa la rántí ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2021. King Air 350 ti Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú gbéra ní Àbújá, ó dorí kọ Mínà, ìròyìn sì sọ pé awakọ̀ ké sí wọn pé ẹ́ńjìnnì ti dákú. Wọ́n ń padà bọ̀ ni ọkọ̀ náà já. Ẹni méje ló bá a lọ. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Mi ò sọ pé mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Mo kàn ń sọ pé ẹ́ńjìnnì méjì ló ní.

Nọ́ọ̀sì Òde

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Mo máa ń tẹ̀lé aláìsàn nínú ọkọ̀. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, èmi ń wo afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀. Wọn kì í fún afẹ́fẹ́ pọ̀ sínú Caravan. Bẹ́ ẹ bá ṣe ga sókè tó ni afẹ́fẹ́ á ṣe fúyẹ́ tó lára aláìsàn. Mo ti gbé ẹni tí mọ́tò gbá láyà rí, tí mo sì ń wo bí atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ kékeré tí mo fi há a níka bá a ṣe ń gòkè. Mo ké sí awakọ̀ pé kó sọ̀ kalẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ yẹn ni àwọsánmà ti ń jù wá sókè sódò títí a fi dé.

Ẹlẹ́ńjìnnì kan ni PC-12 pẹ̀lú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní afẹ́fẹ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀ tó kí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn gbà á wọlé. Àwọn dókítà ọlọ́kọ̀ òfuurufú Ọsirélíà ń lo PC-12, wọ́n ń lo King Air. Torí náà, ẹ bi àwọn èèyàn yẹn pé ta ni wọ́n fẹ́ gbé.

Awakọ̀ Ọ̀mùò

Kápùtéènì, ẹ ṣeun sà. Caravan lèmi ń fò, ẹ jẹ́ kí n gbè é lẹ́yìn díẹ̀.

Àkúrẹ́ la ti gbéra lọ́jọ́ náà, à ń lọ sí Àbújá. A ti kọjá Ọ̀mùò wa, òkè àti igbó ló wà nísàlẹ̀ títí lọ sí ọ̀nà Kábbà, ni iná kan bá tàn: iná tó ń sọ pé irun irin ti wà nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ò yí ohùn padà o, gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbi tó yẹ ló wà. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni mo ní. Mo yí padà sí Àkúrẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni jiyàn, mi ò sì sọ gíga tí mo wà nù títí mo fi rí ojú pápá kedere. Nígbà tí wọ́n tú máginẹ́ẹ̀tì inú ọ́ìlì náà, irun fàdákà tín-ín-rín kan ló lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ní láti gbé e sí oòrùn kẹ́ ẹ tó rí i.

Tí ẹ́ńjìnnì Caravan bá kú, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì ti yí ẹ̀gbẹ́ sí atẹ́gùn, nǹkan bíi máìlì òfuurufú méjì (ó dín díẹ̀ ní kìlómítà mẹ́rin) ló máa rọra fò fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tó bá sọ̀ kalẹ̀. Pápákọ̀ Adó àti ti Àkúrẹ́ ò jìnnà síra wọn tó 50 kìlómítà, nítorí náà tí mo bá ga dáadáa láàárín méjèèjì, ọ̀kan wà ní àrọ́wọ́tó mi. Ó tún lè rọra dé nǹkan bíi 61 knots (bíi 113 kìlómítà ní wákàtí kan) kó tó di pé apá rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ẹni tó máa balẹ̀ lóko ìrẹsì Ìgbémọ á fẹ́ kí eré rẹ̀ kéré bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lókè Ẹ̀fọ̀n àti Òkèmẹ̀sí, àpáta ni àti igbó kòkó. Mi ò ní fi ẹ́ńjìnnì kan gba ibẹ̀ lóru tàbí nínú ọyẹ́ tó ṣú, iye yòówù tẹ́ ẹ bá fún mi.

Akọ̀wé-owó Ìkọ̀lé

Ẹ má gbàgbé owó o. Adó sí Èkó ò ju bí 240 kìlómítà lọ lójú òfuurufú. Ní irú ọ̀nà kúkúrú báyìí, King Air ò ní tíì gòkè débi tó ti ń dára jù tí yóò fi máa sọ̀ kalẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa fi ṣáájú Caravan. Caravan á jó bíi lítà 190 ní wákàtí kan, King Air 350 á jó nǹkan bí ìlọ́po méjì. Tí wákàtí 3,600 bá sì pé, ẹ́ńjìnnì Caravan gbọ́dọ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń tú u palẹ̀. Ẹ wá ronú méjì irú ẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó jókòó sí hángà di ibi tí ẹyẹ ń yé sí, torí olówó rẹ̀ lágbára láti rà á, kò lágbára láti tọ́jú rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ní Zaria

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmọ̀ràn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ṣé òótọ́ ni pé òfin ò gbà kí ẹlẹ́ńjìnnì kan gbé èrò lálẹ́?

Ẹnjiníà Ìyìn

Àbúrò, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi nìyẹn. Yúróòpù ò ṣí i sílẹ̀ fún turboprop ẹlẹ́ńjìnnì kan, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì PT6 yìí, títí di oṣù kẹta ọdún 2017. Ohun tí ICAO, àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, ń béèrè ni pé kí ẹ́ńjìnnì náà ti fi hàn pé òun kì í kú tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 100,000 wákàtí. Ti ilé wa, kí àwọn olóko náà gba ìwé òfin NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, kí wọ́n kà á pẹ̀lú awakọ̀ wọn kí wọ́n tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Mo ti gbọ́ tiyín. Ohun tí mo máa sọ fún wọn ni pé kí wọ́n ra Caravan, kó máa fi ojúmọmọ kó òròmọdìyẹ àti oògùn, kí owó tí wọn ì bá fi ra ẹ́ńjìnnì kejì lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà tó dáńtọ́ àti ìdánrawò awakọ̀. Aláìsàn àti ìrìn òru, kí wọ́n háyà ẹlẹ́ńjìnnì méjì fún un lọ́dọ̀ ẹni tó lè fi ìwé ìdánrawò àwọn awakọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n. Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi kọ ohun tí aláìsàn nílò nínú ọkọ̀ ránṣẹ́, kí n fi kún èyí tí mo máa gbé lọ bá wọn. Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ máa bá mi ṣírò epo.