Word ní wọ́n ti ti fáìlì pa: ṣé kí n pa ~$ àti ~WRL rẹ́?

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan ló wà lórí fláàṣì, iná sì lọ bí Word ṣe ń sévù lọ́wọ́. Bí mo bá tẹ Chapter4.docx báyìí, "locked for editing" ló ń kọ, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mò ń lo kọ̀ǹpútà yìí. Mo rí ~$apter4.docx àti ~WRL0003.tmp nínú fódà kan náà. Nígbà míì, Word á tún ní òun ò rí "work file" dá, kí n lọ wo "temp environment variable". Windows 10 ni, Word 2016. Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́ ni?

Káyọ̀ Káfè: Màámi, ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ %temp%, fódà tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì onígbà díẹ̀ sí, ẹ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ó tán.

Tísà Kọ̀ǹpútà: Káyọ̀, rọra. Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́ o.

~$apter4.docx kò ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín kankan nínú. Báìtì 162 péré ni. Orúkọ ẹni tó ṣí ìwé ló wà níbẹ̀, kí Word lè fi dá ẹlòmíì dúró. Iná lọ kí Word tó rí i kó kúrò nílẹ̀ ni. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ wá Microsoft Word nínú Task Manager, ẹ tẹ End task, nítorí ó lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i lójú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pa ~$ rẹ́.

~WRL lẹ máa rọra mú. Bí Word bá ń sévù, á kọ iṣẹ́ tuntun sínú ~WRD kan, á sọ ìwé ti tẹ́lẹ̀ di ~WRL, á wá fún tuntun ní orúkọ Chapter4.docx, ìgbà yẹn ló tó ń pa ~WRL rẹ́. Tí iná bá lọ láàárín, ~WRL lè jẹ́ orí kẹrin yín lódindi, bó ṣe wà kẹ́ ẹ tó sévù kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 0 KB, òfìfo ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí Desktop, ẹ yí .tmp tó wà níparí orúkọ ẹ̀dà náà sí .docx, kí ẹ ṣí i. Bó bá kọ̀, ẹ lo "Open and Repair", ó wà lábẹ́ ọfà kékeré ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì Open.

Àǹtí Ṣadé: Ẹ tún wo %appdata%\Microsoft\Word, bóyá fáìlì .asd wà níbẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà iṣẹ́ tí Word máa ń tọ́jú fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10-10 ni Word máa ń kọ ọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ sọ ọ́ di 2.

Tísà Kọ̀ǹpútà: Ní ti "work file": bóyá dírááfù C ti kún, tàbí TEMP, ìyẹn àdírẹ́sì fódà %temp%, ń tọ́ka sí ibi tí kò sí mọ́. Windows+R, ẹ kọ sysdm.cpl, Advanced, Environment Variables. %USERPROFILE%\AppData\Local\Temp ló yẹ kó wà níwájú TEMP àti TMP. Ẹ tún un kọ, ẹ tẹ OK, ẹ ti Word kí ẹ tún un ṣí.

Káyọ̀ Káfè: Ìgbà wo wá ni ká fọ %temp%?

Tísà Kọ̀ǹpútà: Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti wà ní ibi tó dájú, tí Word sì wà ní títì. Èyí tó bá kọ̀, tẹ Skip, ètò míì ló ń lò ó.

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé: Ẹ ṣeun gan-an ni. ~WRL ti ṣí. Ṣé mo lè máa bá a lọ lórí fláàṣì náà?

Àǹtí Ṣadé: Rárá o, mà. Fódà tí ìwé wà náà ni Word ń dá ~WRD àti ~WRL sí, nítorí náà bí fláàṣì bá kún tàbí tí ẹnìkan fà á yọ, ìṣòro yẹn náà ni. Ẹ ṣe é lórí Desktop, ẹ sévù, ẹ ti Word, kí ẹ tó kọ́pì padà. Ẹ sì tẹ Eject kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.