Èsì: “Ìtẹ́-òkú àwọn Olóṣèlú” kọ́, ojú oórì ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin èwe, mo kí yín o. Ẹni wa tó fi àkójọ ránṣẹ́ lánàá ṣiṣẹ́ gidi. Ó to orúkọ àwọn tó ti dé ipò ìjọba rí tí wọ́n sì sin sí Gillespie, ẹkùn kan ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ó wá sọ ọ́ ní “Ìtẹ́-òkú àwọn Olóṣèlú ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gillespie”. Àkójọ dára. Àkọlé yẹn ló ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ohùn. Ìtẹ́, tí “i” rẹ̀ wálẹ̀, ọba ló ń gorí ẹ̀. Itẹ́, tí “i” rẹ̀ wà láàárín, ti ẹyẹ ni, òun náà la sì fi ń pe ibi tí àwọn òkú sùn sí. Ẹni tó bá kọ “ìtẹ́-òkú” ti fi òkú jọba. Ẹnì kan ti yára dáhùn pé “tẹ́” ni orísun ọ̀rọ̀ náà, pé a máa ń tẹ́ òkú ká tó sin ín, pé ì- pẹ̀lú tẹ́ ló bí i. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n òkú tí a tẹ́, inú yàrá la ń tẹ́ ẹ sí, lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú aṣọ òkè, kí ará àti ọ̀rẹ́ wá wò ó. Ibẹ̀ kọ́ la ń sin ín sí.

Ká tiẹ̀ gbé ohùn tì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ibo là ń sọ gan-an? Ẹ̀bá odò Pedernales ni, nítòsí Stonewall. (Àwọn ará ibẹ̀, àti Johnson tí mò ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ rẹ̀, “Perdenales” ni wọ́n ń pe odò yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá ọmọ Ìjẹ̀bú jà nítorí ohùn, ẹ wò ó.) Ọgbà kékeré kan ni, wọ́n fi òkúta mọ ògiri yí i ká, igi óákù ṣíji bò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Lyndon B. Johnson, ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1963 sí 1969, sí ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1973, lẹ́yìn tó kú sínú ilé rẹ̀ ní oko màlúù rẹ̀ tí kò jìnnà síbẹ̀. Bàbá rẹ̀, Sam Ealy Johnson, tó ṣe aṣòfin ní Texas nígbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti wà níbẹ̀ láti 1937. Ìyá rẹ̀, Rebekah, bá wọn níbẹ̀ ní 1958. Ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo ayé ń pè ní Lady Bird dé ní 2007. Téèyàn bá tibẹ̀ rìn díẹ̀, á kan ilé tí wọ́n bí ọkùnrin náà sí ní 1908, tí òun fúnra rẹ̀ tún kọ́.

Ṣé itẹ́ òkú nìyẹn? Inú itẹ́ òkú, àwọn tí kò mọra wọn rí ló ń sùn pọ̀. Eléyìí, ọmọ wà lọ́dọ̀ bàbá, aya wà lọ́dọ̀ ọkọ, lórí ilẹ̀ ìdílé. Àwọn bàbá wa mọ orúkọ ẹ̀: ojú oórì. Nígbà tí wọ́n ń sin àgbà sí ìyẹ̀wù àti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin dè é ní Èkó, kò sẹ́ni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi kò sọ ọ́ rí pé òun ń lọ sí itẹ́ òkú. “Mò ń lọ kí bàbá mi lójú oórì” ni, ẹ̀yìnkùlé ló sì ń lọ.

Ẹni tó bá ń wá itẹ́ òkú àwọn òṣèlú ní Texas, kó kọjá sí Austin, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ibi ìsìnkú tirẹ̀ níbẹ̀ láti 1851. Ibẹ̀ ni wọ́n wú òkú Stephen F. Austin, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá Texas, wá tún sin sí ní 1910. Barbara Jordan, ọmọ Houston tó ṣe aṣòfin, wà níbẹ̀ láti 1996, gómìnà Ann Richards láti 2006. John Connally, gómìnà Texas nígbà kan, tó sọ̀rọ̀ ìdágbére létí ibojì Johnson, ibẹ̀ ni wọ́n sin òun náà sí ní 1993. Ipò ló kó àwọn yẹn jọ. Ẹ pe ìyẹn ní itẹ́, mi ò ní janpata.

“Ìjọba Ìbílẹ̀” tó fi túmọ̀ kánńtì (county), ìyẹn ẹkùn tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí, ò ní gbà wá lákòókò. Kánńtì 254 ló wà ní Texas, ẹni tó sì ń darí ìgbìmọ̀ kánńtì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ oyè adájọ́. Ẹni wa tó ṣe àkójọ kọ “adájọ́” lókè, ó kọ “alága káńsù” nísàlẹ̀, ẹnì kan náà ló ń sọ. Ẹ jẹ́ kí kánńtì máa jẹ́ kánńtì bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó wá ku “olóṣèlú”. Bàbá wa ní Ìbàdàn ní kí n fi í sílẹ̀, pé rédíò ti sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Mo gbọ́ ti àgbà, àmọ́ mo fẹ́ béèrè. Ṣe ìlú, ẹ fi ò- síwájú ẹ̀, ó di òṣèlú, ẹni tó ń ṣe ìlú. Bí òṣìṣẹ́, bí òṣèré, bí òpùrọ́. Ta ló ń sọ pé “olópùrọ́”? Bẹ́ẹ bá sì ní dandan ni ká rí oní-, ìṣèlú wà ńlẹ̀, ẹ ṣe é bí oníṣègùn, kó di oníṣèlú. Olóṣèlú, agbádá lórí agbádá ni. Wọ́n á ní “ẹgbẹ́ òṣèlú” fi hàn pé òṣèlú kì í ṣe ènìyàn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ńkọ́?

Bàbá tún ní òun ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí mi. Òótọ́ ni. Ẹni tó kọ́ èmi náà ti ń kọ́ni kí Bàbá tó wọ iléèwé olùkọ́ni, ẹgba ló sì fi kọ́ mi ní “òṣèlú”.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston ní òun ń lọ sí Stonewall lóṣù tó ń bọ̀ láti ya fọ́tò àwọn òkúta náà. Kí wọ́n tó gbé àkójọ náà jáde, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí àkọlé. Ti àmì ìdàpọ̀ tẹ́ ẹ fi sáàárín itẹ́ àti òkú, ó di lẹ́tà mìíràn.