Tẹ̀tẹ̀ mi kọ̀, kò dàgbà: ìgbà wo lẹ ń gbin kí ni níbí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kent:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oko kékeré kan ní UK níbí, tí wọn kì í ti í lo ajílẹ̀ òyìnbó tàbí oògùn apakòkòrò (organic ni wọ́n ń pè é). Ọ̀gá fún mi láàyè díẹ̀ pé kí n gbin ohun tó wù mí. Mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, oòrùn sì ń ràn dáadáa. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló hù, ìyẹn náà dúró sójú kan. Ṣé ilẹ̀ ni kò dáa ni?

Bàbá Àgbẹ̀, Devon:
Ilẹ̀ kọ́, àbúrò. Òtútù ni. Nílé, òjò la máa ń wò. Àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, iṣẹ́ yá. Níbí, omi kì í wọ́n wa, ooru àti ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n. Oòrùn oṣù kẹrin ń tàn ọ́ jẹ ni. Ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ láàárọ̀ kùtù, wàá rí i. Ìrì dídì ṣì lè bọ́ títí di àárín oṣù karùn-ún, òru kan ṣoṣo ló sì máa fi pa gbogbo rẹ̀.

Ata rodo lèmi kọ́kọ́ ń gbìn, nínú ilé, lórí pádì tó ń gbóná, ní ìparí oṣù kìíní. Ẹni tó bá dúró di oṣù kẹrin, ata rẹ̀ á so, àmọ́ òtútù á dé kó tó pọ́n. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ, ìparí oṣù kẹrin, nínú ike kéékèèké lábẹ́ ilé ọ̀rá (ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò kí ooru má bàa jáde). Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ni mo ń ṣí wọn lọ sí gbangba. Ewédú ní tirẹ̀ kì í kúrò lábẹ́ ọ̀rá.

Ṣọ́ra fún ìgbín tí kò ní ìkarahun o. Òjò bá rọ̀ lálẹ́, ilẹ̀ kò ní mọ́ tán tí wọ́n á ti jẹ gbogbo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Metaldehyde, oògùn apagbín tí àwọn èèyàn ń dà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lò ó níta mọ́ láti 2022. Ferric phosphate ni òfin gba irú oko yín láyè láti lò. Èmi a máa fi tọ́ọ̀ṣì ṣà wọ́n lóru. Ẹni tó bá rí mi á rò pé ìgbín ọbẹ̀ ni mò ń wá.

Ìyá Ìbejì, Maryland (Amẹ́ríkà):
Bàbá, ẹ kú àlàyé. Lọ́dọ̀ wa níbí, ooru oṣù keje máa ń jẹ́ kí ewédú ga kọjá orí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará UK! Ọ̀rọ̀ irúgbìn ni mo fẹ́ dá sí: ẹ má dì í sínú báàgì láti ilé, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Ẹ bèèrè molokhia ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íjíbítì, ewédú ni. Callaloo àwọn ará Jamaica, tẹ̀tẹ̀ ni. Lagos spinach ni wọ́n ń kọ sára páálí ṣọkọ. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń tà fún òdòdó, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n lè ti fi oògùn kùn ún lára.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kent:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Aládùúgbò kan fẹ́ fún wa ní ìgbẹ́ ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ká gbà á? Ìgbà òtútù ńkọ́, iṣẹ́ wà lóko nígbà náà?

Bàbá Àgbẹ̀, Devon:
Ẹ má tíì gbé e! Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá wọ́n fín oògùn apakoríko sí koríko tí ẹṣin náà jẹ. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ aminopyralid. Ó máa ń gba inú ẹṣin kọjá láìbàjẹ́, ìgbẹ́ náà á jẹrà tán, òun á ṣì wà níbẹ̀. Tòmátì àti ẹ̀wà tí ẹ bá gbìn sí i, ewé orí wọn á lọ́, á ká jọ. Bí kò bá mọ èsì, ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ po ìgbẹ́ díẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ nínú ìkòkò mẹ́ta, ẹ fi erùpẹ̀ lásán sínú mẹ́ta mìíràn, ẹ gbin ẹ̀wà sí gbogbo rẹ̀, ẹ máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí ewé tuntun bá ń ká nínú ìkòkò onígbẹ̀ẹ́ nìkan, ẹ dá a padà fún olóhun.

Iṣẹ́ wà nígbà òtútù, ọ̀gbìn ni kì í dàgbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá wọ oṣù kejì, ojúmọ́ kì í pé wákàtí 10. Nítorí náà, kale àti kábéèjì tí ẹ máa tà ní oṣù kejìlá gbọ́dọ̀ ti tóbi tán ṣáájú. (Kale la fi ń ro ẹ̀fọ́ nígbà náà. Ìyàwó mi kò gbà pé ẹ̀fọ́ ni, àmọ́ abọ́ rẹ̀ kì í ṣẹ́kù.) Ilẹ̀ tó bá ṣófo, ẹ gbin rye (irú ọkà kan) sí i kí òjò má fọ erùpẹ̀ lọ. Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún gan-an ló máa ń le: ti àtijọ́ ti yọ òdòdó, tuntun kò tíì tó kó, oníbàárà sì ń pè.

Akẹ́kọ̀ọ́, Leicester:
Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gbin tèmi lẹ́yìn ilé, ṣé mo lè máa tà á fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, kí n pè é ní organic?

Àǹtí Peckham:
Tó o bá wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, má dán an wò. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí ni òfin gbà, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Òwò ara ẹni kò sí níbẹ̀, ẹ̀fọ́ náà sì wà lára rẹ̀. Máa fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ní ti organic, kódà ẹni tó ní ìwé ìgbélùú kò kàn lè fi pe ọjà rẹ̀. Àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí, bíi Soil Association, ló ń fúnni ní ìwé rẹ̀, ilẹ̀ á sì ti lo ọdún méjì lábẹ́ àyẹ̀wò kó tó kan ẹ̀fọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Kent:
Mo ti bi aládùúgbò náà. Ó ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lòun ti ń ra koríko. Ìkòkò mẹ́fà ti wà nílẹ̀.